Ìlà Tó Ṣá, Ìlà Ni

Ọjọ́ Ajé ni ìròyìn náà dé, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ká Afàlà mọ́, láàárín títì. Kì í ṣe àdúrà ló ń gbà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ìkúnlẹ̀. Ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń fa ìlà sí ojú ọ̀nà ọkọ̀: funfun fún ẹlẹ́sẹ̀ láti fi sọdá, yẹ́lò fún ibi tí ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró sí. Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé àwọn ènìyàn ti gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó ti fa ìlà méje nínú mẹ́jọ síwájú ilé ìwé kan nígbà tí fóònù dún lápò rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń pè.

“Bàbá, ilé ìwòsàn pè mí. Wọ́n ní ara Màmá ti yá, wọ́n lè máa bọ̀ nílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.”

“Ọpẹ́ ni. Ilé ta ni wọ́n máa lọ?”

“Bàbá, ilé ta ló tún kù?”

Màmá yìí ni ìyá ìyàwó Afàlà. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, àyà rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí láyé, ọmọ náà ni Afàlà fẹ́, ọmọ náà ló sì kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò gùn ún sọ. Afàlà ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ó ń sín, imú rẹ̀ ń dà bí ẹ̀rọ omi tí wọn kò tì dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ sùn ní yàrá kejì. Afàlà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀fìnkìn lásán!” Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìyàwó dùbúlẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlá, wọ́n sin ín. Lẹ́bàá ibojì, Màmá kò wo ojú àna rẹ̀ rárá. Láti ìgbà náà, “ẹ káàárọ̀” àti “ṣé àlàáfíà ni” ló kù láàárín àwọn méjèèjì lórí fóònù, bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù wúwo tí olúkúlùkù sì ń bẹ̀rù kí ọwọ́ òun má yọ̀.

Afàlà gbà lọ́kàn pé òun lòun pa ìyàwó òun. Ó gbà pé Màmá náà gbà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ń bọ̀ wá sùn lábẹ́ òrùlé rẹ̀, pẹ̀lú àyà tí ìyẹ́ adìyẹ lè gbé ṣubú.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí garawa ọ̀dà. Àbúrò rẹ̀ ló bá a parí ìlà kẹjọ. Kóònù ni gbogbo ayé ń pe àbúrò yìí, nítorí bí òjò bá ká wọn mọ́ ẹnu iṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn kóònù pupa tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà ló máa ń dé sórí.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú,” ni Afàlà wí. “Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Kóònù sín nídìí tábìlì oúnjẹ. Ó sín lẹ́ẹ̀kan, ṣíbí ọwọ́ Afàlà já bọ́. Ó sín lẹ́ẹ̀kejì, Afàlà dìde dúró.

“Eruku ni,” ni Kóònù wí.

“Eruku wo? Inú ilé la wà!”

Ilé oògùn ni ọmọbìnrin Afàlà ti ń ṣiṣẹ́. Kò bá wọn jiyàn. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó gbé páálí kékeré mẹ́rin jáde, ó fọ ọwọ́, ó sì tẹ́ ìwé funfun sórí tábìlì. Nínú páálí kọ̀ọ̀kan, igi tín-ín-rín tí wọ́n wé òwú mọ́ lórí wà níbẹ̀, pẹ̀lú omi díẹ̀ nínú ike kékeré, àti ike pẹlẹbẹ kan tó ní ojú fèrèsé tóóró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú fèrèsé náà wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́ta: C, A, B.

“Ẹ gbórí sókè, Bàbá Kékeré. Mo máa yí òwú yìí ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú ihò imú kọ̀ọ̀kan.”

“Yéè! Ṣé ọpọlọ mi lo ń wá ni?”

“Ẹ má bínú, sà. Tó bá jẹ́ ọpọlọ ni mò ń wá, ihò imú ẹlòmíì ni ǹ bá yà sí.”

Ó ro òwú náà pọ̀ mọ́ omi, ó kán an sójú ike pẹlẹbẹ náà, ó sì gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ kó máa ka ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. “Ìlà C gbọ́dọ̀ jáde,” ló wí. “Òun ló ń sọ pé àyẹ̀wò náà ṣiṣẹ́. Bí C kò bá jáde, a máa jù ú nù ni, a óò sì ṣe òmíràn. Bí ìlà bá tún jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ A tàbí B, fúlù nìyẹn. Fúlù kì í sì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán.”

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn yìí gún Afàlà ní ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ̀.

Nígbà tí àsìkò pé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta da orí bò ó. Ìlà C pupa, ó mọ́ ketekete. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ A, nǹkan kan wà níbẹ̀. Àbí kò sí. Ó dà bí ibi tí ìlà kan ti fẹ́ jókòó tó wá yí ọkàn padà.

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀,” ni Kóònù wí.

“Nǹkan wà níbẹ̀,” ni ọmọ náà wí.

Afàlà lọ gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀. Ó yọ awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, ó yọ téèpù, ó sì yọ tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ìlà ojú ọ̀nà ń dán nínú iná ọkọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni tó ń yẹ títì tuntun wò.

“Ó gún,” ló wí níkẹyìn. “Fífẹ̀ rẹ̀ dọ́gba láti òkè délẹ̀. Ẹni tó fa ìlà yìí mọṣẹ́. Ọ̀dà ni kò tó.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ mi. Ṣé awakọ̀ kan lè jẹ̀bi lórí ìlà tó ṣá báyìí?”

“O rántí ìgbà tí wọ́n pè mí jẹ́rìí ní kóòtù? Adájọ́ bi mí pé, ‘Ṣé ìlà wà níbẹ̀ àbí kò sí?’ Mo ní, ‘Olúwa mi, ó ti ṣá.’ Ó ní, ‘N ò bi ọ́ bóyá ó ṣá.’ Ìlà tó ṣá, ìlà ni, àfi bí ìjọba bá ní ká pa á rẹ́.”

“Adájọ́ yẹn ì bá ti ṣe dókítà,” ni ọmọ náà wí. “Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bó ti wù kó ṣá tó, ìlà ni. Bàbá Kékeré, ẹ ti ní fúlù. Irú A.”

“Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn!”

“Ẹ pè é láti yàrá ẹ̀yìnkùlé, sà.”

Yàrá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń kó kóònù sí. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé ibùsùn rẹ̀ lọ, pẹ̀lú omi, oògùn ibà àti ìbòmú. Ó sì bọ́ sí i pé, ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àádọ́ta kóònù àti Kóònù kan ló wà nínú yàrá kan.

Lẹ́yìn náà ni Afàlà jókòó fún tirẹ̀. C nìkan ló jáde. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ó fi awò wò ó. Kò sí òjìji kankan. Ó fò sókè bí ọmọ tó yege ìdánwò.

“Bàbá, ẹ rọra. Àìrí ìlà kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Kò hàn lónìí ni a rí sọ. Inú ọkọ̀ kan náà lẹ̀yin àti Bàbá Kékeré jọ ń jókòó láti ọjọ́ Ajé, tí ẹ ti fèrèsé. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí yín lára, ó lè má tíì tó nǹkan tí àyẹ̀wò máa rí. A máa tún un ṣe láàárọ̀ Àbámẹ́ta.”

“Tí ọ̀fun bá ń yún ènìyàn ńkọ́?”

“Ṣé ọ̀fun ń yún yín ni?”

“Rárá,” ni Afàlà wí. “Mo kàn béèrè ni.”

Ọjọ́ Ẹtì, Afàlà kò lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ ti ilé oògùn dé ní agogo mẹ́rin, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì gbẹ́sẹ̀ wọlé.

“Dúró!”

Ó dúró.

“O ti gba ọ̀nà tí kì í ṣe tìẹ. Ọ̀nà ìjáde nìyẹn. Padà, kí o gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.”

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ìlà funfun kan là á láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná, ọfà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kò sì fẹ̀ ju kí ènìyàn kan gba inú rẹ̀ kọjá. Tábìlì oúnjẹ ti di ráńdábáòtù. Ẹni tó bá fẹ́ iyọ̀ gbọ́dọ̀ yí tábìlì ká láti ọwọ́ ọ̀tún. Níwájú ilé ìwẹ̀, ìlà àdúródè kan wà níbẹ̀, irú èyí tí ọkọ̀ fi ń dúró de ẹlòmíì, pẹ̀lú ìlà tí ẹlẹ́sẹ̀ fi ń sọdá, bí ẹni pé àwọn kan wà nínú ilé náà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ lọ wẹ̀. Olúkúlùkù àga ní ibi ìgúnlẹ̀ tirẹ̀, bí ọkọ̀. Níwájú yàrá tí wọ́n tọ́jú fún Màmá, Afàlà kun àpótí yẹ́lò ńlá kan, ìgbésẹ̀ gígùn méjì ní ìbú: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀.

“Bàbá, kí lèyí?”

“Ìdènà àrùn ni. Ìwọ náà lo sọ pé ká jìnnà síra wa.”

Ó fẹ́ lọ tọ̀, kó sì fọ ọwọ́. Afàlà náà ń ti ilé ìwẹ̀ bọ̀. Wọ́n pàdé níbi ìlà àdúródè, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó yà fún ẹnì kejì. Afàlà ní ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún ló lọ̀nà. Ọmọ ní ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ló lọ̀nà. Ni fèrè bá dún láti ẹ̀yìnkùlé, pìì! Afàlà ti fún àbúrò rẹ̀ ní fèrè kó máa darí wọn láti ojú fèrèsé.

“Bàbá Kékeré! Ẹ fi fèrè yẹn sílẹ̀! Àrùn lẹ ń fọn síta yẹn!”

“Mo ń ṣiṣẹ́ ìlú ni!”

“Itọ́ yín ti dé orí aṣọ tí mo sá!”

Wọ́n gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n sì tì í mọ́ dúrọ́ọ̀.

Òórùn ọ̀dà mú kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé ilé náà, títí kan èyí tí kò tíì ṣí láti ọjọ́ ìsìnkú. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde, ó ń gbé kọ́tìnnì sókè. Ọmọ náà dúró lórí ọ̀kan nínú àwọn ọfà náà, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Afẹ́fẹ́ yìí ló máa ràn wá lọ́wọ́. Fífọ ọwọ́ náà máa ràn wá lọ́wọ́, àti ìbòmú. Ìlà yìí ni kò lè ṣe nǹkan kan. Àrùn kò mọ ìwé kà.”

Afàlà wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú yàrá Màmá, ó ń tún igun àpótí yẹ́lò náà ṣe. Eékún ṣòkòtò rẹ̀ ti di yẹ́lò. Ọmọ rẹ̀ wò ó títí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

“Bàbá. Ẹ ò pa ẹnikẹ́ni.”

“Bá mi na téèpù yẹn,” ni Afàlà wí.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ọmọ náà ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, C nìkan ló jáde. Kò sín, kò wúkọ́, ara rẹ̀ kò gbóná. Ó wọ ìbòmú, ó sì lọ gbé Màmá. Ó ku Afàlà nìkan. Ó ti há ọ̀rọ̀ kan sórí láti Ọjọ́bọ̀. Bí Màmá bá ti sọ̀kalẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, yóò di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, yóò sì tọrọ àforíjì tí kò rí tọrọ lẹ́bàá ibojì. Ó yí òwú nínú imú ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ó kán omi. Ó dúró.

C jáde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ A, ìlà kan wà níbẹ̀. Ó ṣá ju ti Kóònù lọ.

Afàlà gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó hàn. Ó gbé e sábẹ́ òjìji ọwọ́ rẹ̀, ó pòórá. Ó tún gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ta ni yóò mọ̀? Ìṣẹ́jú kan péré ni ìdọ̀bálẹ̀ yóò gbà. Ìṣẹ́jú kan, yóò di ẹsẹ̀ Màmá mú, yóò dìde, yóò jìnnà. Ọ̀fun rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yún un. Ó lè jẹ́ òórùn ọ̀dà. Ó lè jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán.

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní orí ara rẹ̀, ó sì jókòó wọ̀ọ̀. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù.

“Ìwọ ọmọ yìí, níbo lẹ dé? Ó ti jáde lára mi. A. Pe dókítà wọn, kí wọ́n sọ ohun tí a máa ṣe. Èmi ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé.”

Kóònù dìde jókòó lórí ibùsùn nígbà tó rí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ abíyá. “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá ibì kan gúnlẹ̀ sí.”

Dókítà ní kí wọ́n máa gbé Màmá bọ̀, kí àwọn aláìsàn má ṣáà kọjá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ó sì kọ oògùn kan tí Màmá yóò máa lò lọ́jọ́ náà gan-an kí àrùn má bàa rí àyè. Nígbà tí àga onítáyà Màmá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ọwọ́ àga mú.

“Ṣé mo ti kú ni? Ta ló la títì wọ inú ilé?”

“Àna yín ni, Màmá. Ẹ jẹ́ ká gba ọwọ́ ọ̀tún.”

“Omi ni mo fẹ́ mu.”

“A máa kọ́kọ́ yí tábìlì ká.”

“N ò yí nǹkan kan ká. Mo ti yí ayé ká tán. Níbo ni àna mi wà?”

Wọ́n tì í dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Láti ibẹ̀ dé ojú fèrèsé yàrá ẹ̀yìnkùlé tó ogún ìgbésẹ̀. Afàlà dúró síbẹ̀, ìbòmú bo imú àti ẹnu rẹ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dọ̀bálẹ̀, ògiri fèrèsé yóò bò ó, Màmá kò ní rí i mọ́. Ló bá dúró, ó di irin fèrèsé mú.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”

“N ò gbọ́! Gbé ohùn sókè!”

“Mo ní kí ẹ dárí jì mí!”

“Nítorí ìlà tó wà nílẹ̀ yìí?”

Obìnrin kan ń sá aṣọ ní àgbàlá kejì. Ó dáwọ́ dúró. Afàlà rí i pé ó dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ tó há sórí pátá sì fò lọ bí ẹyẹ.

“Èmi ni mo kó àrùn wọlé lọ́dún méjì sẹ́yìn!” ló pariwo. “Mò ń sín, mo ní ọ̀fìnkìn lásán ni! Èmi ni mo pa ọmọ yín!”

Màmá fi ọwọ́ kan ìbòmú tirẹ̀, ó tún un ṣe kó gún.

“Ìwọ nìkan lo nímú ni?”

“Màmá?”

“Mo ní, ìwọ nìkan lo nímú nínú ayé? Èmi wá síbí lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ yẹn. Mò ń wúkọ́. Mo ní eruku ọ̀nà ni. Ọmọ mi gbé orí lé itan mi, mo sì ń wúkọ́ sí i lórí. Kí lo rò pó jẹ́ kí n má lè wò ọ́ lójú níbi ibojì? Ojú ń tì mí ni!”

Orí Kóònù yọ lẹ́yìn èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Tiyín kéré, Màmá! Èmi ni mo kọ́kọ́ ní in lọ́dún yẹn! Èmi ni mo kó o ran ẹ̀gbọ́n mi!”

“Ta nìyẹn?”

“Kóònù ni, mà!”

“Dákẹ́, ìwọ Kóònù. Àgbà ń sọ̀rọ̀.”

“Gbogbo ẹni tó ń wúkọ́ nílùú ló ń wá sí ilé oògùn wa,” ni ọmọ náà wí lẹ́yìn àga. “Èmi ni mo máa ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ń jà sí nǹkan tó jẹ́ tèmi.”

“Èmi ni mo dàgbà jù,” ni Màmá wí. “Èmi ni kí ẹ fi ẹ̀bi náà sílẹ̀ fún.”

“N ò gbà, Màmá!”

“O máa gbà! Ṣé èmi kọ́ ni mo fún ọ ní ìyàwó?”

“Ẹ jọ̀wọ́ sà,” ni obìnrin aláṣọ pariwo láti àgbàlá kejì, “ẹ jẹ́ kí màmá mú un!”

Ọmọ náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó rántí pé kò yẹ kó fọwọ́ kan ojú, ó sì lọ fọ ọwọ́. Nígbà tó padà dé, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó dé ẹ̀yìnkùlé.

“Kò sẹ́ni tó ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yẹn nínú wa. A ò lè mọ̀ ọ́n láé.”

Afẹ́fẹ́ gba inú ilé kọjá, ó gbé kọ́tìnnì sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Màmá gbé ọwọ́ sórí.

“Yára kí ara rẹ yá,” ló wí fún àna rẹ̀. “Orí ń yún mi. Ọmọ mi ló máa ń ya irun yìí fún mi, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn, bí ẹni ń ro oko ni wọ́n ṣe ń yà á.”

Ara Afàlà gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ibà lọ, ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kó jáde títí ọ̀sán kan àti òru kan fi kọjá láìsí ibà àti láìlo oògùn ibà. Ó sì ní kó tún máa lo ìbòmú fún ọjọ́ márùn-ún sí i. Ara Màmá kò gbóná rárá. Iyọ̀ ló ń bínú sí, pé ó jìnnà jù lórí tábìlì.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Afàlà fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó wọ ìbòmú. Ó tẹ àpótí yẹ́lò náà kọjá, ó wọ yàrá, ó ṣí fèrèsé dáadáa, ó sì dúró lẹ́yìn àga Màmá. Irun orí Màmá funfun, ó rọ̀ bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Afàlà kò ya irun ẹnikẹ́ni rí.

“Láàárín ni, Màmá, àbí ẹ̀gbẹ́?”

“Láàárín. Láti iwájú lọmọ mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀.”

Ó fi àtàǹpàkò wọn ibi tí àárín wà láti etí dé etí. Ó mú ìyarun. Ó fà á láti iwájú orí dé ìpàkọ́, láìmí, bó ṣe máa ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ìlà náà gún régé.

Màmá fi ìka kan tọ̀ ọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

“Ó dára,” ló wí. “Tirẹ̀ máa ń yà díẹ̀ sí òsì níbí.”

Afàlà fi ọwọ́ tú irun náà ká. Ó tún mú ìyarun, ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, nígbà tó sì dé ibi tí ìka Màmá wà, ó jẹ́ kó yà díẹ̀ sí òsì.